Ìdí Tí A Kì Í Fi Ra Lọ́bísítà Tí Wọ́n Fi Kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ Wọmi Kó

Ọ̀rọ̀ òkun ni tiwa lónìí. A mọ̀ pé ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti adìẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú yín ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí òkun lọ́dọ̀ wa jọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lóko nígbà tí owó ọjà kan bá ṣàdédé gbéra tí gbogbo ayé sì sáré sí i.

Obìnrin mẹ́ta ni wá. A dá owó jọ, a ní kúlà ńlá mẹ́rin àti fìrísà méjì, a sì ń ra ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi bá gbé gúnlẹ̀ láàárọ̀. Kíróká, ṣawá, edé, akàn, ohun tí òkun bá ti fi ta wá lọ́rẹ ni. Àwọn ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ní apá Island l'Ékòó ló ń rà á lọ́wọ́ wa. Láàárín ọdún díẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n ń béèrè jù ni lọ́bísítà. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ fẹ́ ẹ lórí iná èédú, wọ́n fẹ́ ẹ pẹ̀lú bọ́tà, wọ́n sì fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Kìlò kan rẹ̀ fi ìlọ́po ju kìlò kíróká lọ. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò rí i rí: ẹ fojú inú wo edé, ṣùgbọ́n edé tó gùn tó ọwọ́ àgbàlagbà láti ìgúnpá dé àtẹ́lẹwọ́. Èèpo ara rẹ̀ le bíi ti akàn, ẹ̀gún wà lórí rẹ̀ káàkiri, ó sì ní okùn gígùn méjì níwájú orí tó fi ń tọ ọ̀nà. Tiwa kò ní ọwọ́ ńlá tó fi ń gé nǹkan. Èyí tó ní ọwọ́ ńlá tí ẹ ń rí nínú fíìmù, ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù nìyẹn. Ti ìhà ọ̀dọ̀ wa jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì wà láti Mòrókò sọ̀kalẹ̀ títí dé Àǹgólà. Ìgbà tó bá dé inú omi gbígbóná ló tó ń pupa. Àwọ̀ pupa yẹn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun kan ló dì í mọ́lẹ̀, iná ló sì tú u sílẹ̀. Nítorí náà, oníbàárà tó bá ní òun fẹ́ lọ́bísítà pupa tó ṣì wà láàyè, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ ṣàlàyé fún un.

Lọ́bísítà kì í fẹ́ iyanrìn lásán. Òkúta ló fẹ́. Etí òkun Èkó sì rèé, iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tó bá ti rí òkúta, irú èyí tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó láyé ìjọba òyìnbó amúnisìn, tàbí ara ọkọ̀ ojú omi tó rì, ibẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án. Ilẹ̀ á ṣú kó tó jáde wá jẹun. Àwọn ọlọ́kọ̀ tiwa ń ta àwọ̀n ìsàlẹ̀ omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta nírọ̀lẹ́, wọ́n á sì gbé e láàárọ̀ kùtù. Ọjọ́ mìíràn wà tí wọ́n ń rí mẹ́rin, ọjọ́ mìíràn wà tí wọn kì í rí ẹyọ kan. Òkun kì í ṣe ọgbà adìẹ.

Ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì kò mọ ìyẹn. Òtẹ́ẹ̀lì ní òun fẹ́ ogún ní ọjọ́ Ẹtì, ó fẹ́ ogún ní ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Bí àwọ̀n kò bá wá rí ogún, ta ló máa wọ inú omi lọ bá a níbi tó sá pamọ́ sí?

Àwọn ọ̀dọ́ kan dáhùn pé àwọn á wọ̀ ọ́. Wọ́n lọ ra kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, irú èyí tí fọ́kánáísà fi ń fẹ́ táyà. Wọ́n so rọ́bà gígùn mọ́ ọn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹnì kan á dúró ti ẹ́ńjìnnì, ẹnì kejì á fi ẹnu gbá orí rọ́bà mú, á so òkúta tàbí irin mọ́ ìbàdí, á sì lọ sísàlẹ̀. Ó lè lo bíi wákàtí kan níbẹ̀. Á gòkè, á sinmi díẹ̀, á tún lọ. Tí ẹ bá rí ohun tí wọ́n kó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà á ní iṣẹ́ ti dé.

Ọ̀kan nínú wọn wá bá wa, ọmọ tí a mọ ìyá rẹ̀ dáadáa, ògì ni ìyá ń tà. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fún mi lówó rọ́bà, kí n máa kó gbogbo rẹ̀ wá fún yín.” A ní a ò ní fún un, a ò sì ní rà á. Ó rò pé ọ̀rọ̀ iye owó ni à ń sọ, ó dín owó kù. A ṣì ní rárá. Ó ní, “Ẹ ò ní rà á? Ẹlòmíì á rà á.” Òótọ́ ló sọ. Ẹlòmíì rà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìdí tí a fi kọ̀ ọ́, torí pé àwọn kan ń sọ pé ìlara ló ń ṣe wá, pé àwọn ọlọ́kọ̀ wa ni à ń gbèjà.

Omi wúwo. Ẹni tó bá lọ sísàlẹ̀ mítà mẹ́wàá, ìyẹn tó gíga ilé alájà mẹ́ta, ìwúwo tó ń tẹ ara rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì èyí tó wà lórí ilẹ̀. Ní mítà ogún, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ń rán sí i níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni gáàsì tí wọ́n ń pè ní náítrójìn. Lórí ilẹ̀ kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ omi, ìwúwo yẹn á máa ti náítrójìn wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti inú ẹran ara. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wọlé á ṣe pọ̀ tó.

Ẹ gbé ìgò mínírà kan tí ẹ kò tíì ṣí. Ẹ wò ó, ẹ ò rí ìfóófò kankan nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: hóóò! Ìfóófò bo gbogbo ìgò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó yára gòkè láti ìsàlẹ̀ omi gan-an nìyẹn. Gáàsì tó ti yòrò sínú ara á di ìfóófò. Tó bá dúró sí oríkèé, èjìká á máa ro ó bíi pé wọ́n fi irin gún un. Tó bá dúró sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ á kú tipiri, ìtọ̀ lè má jáde mọ́. Tó bá dé ọpọlọ, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tó bá di èémí mú nígbà tó ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i bó ti ń gòkè, ó lè ya ẹ̀dọ̀fóró náà. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ táyà, nítòsí èéfín ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́. Tí atẹ́gùn bá yí, èéfín yẹn ló ń rán sí ọmọ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ṣe fún àwọn tó sùn tì í nínú yàrá.

Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn ní ìlànà. Wọ́n mọ iye ìṣẹ́jú tí èèyàn lè lò ní ibi báyìí, wọ́n mọ bí a ṣe ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gòkè àti ibi tí a ti ń dúró kí gáàsì lè jáde díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan bá yíwọ́, yàrá onírin kan wà tí wọ́n ń gbé èèyàn sí, wọ́n á tún fi ìwúwo afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí ìfóófò lè yòrò padà. Àwọn ọmọ tiwa kò ní aago, wọn kò ní ìlànà, ọ̀nà sì jìn sí irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Àwa kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ní orílẹ̀-èdè Honduras, ní ìhà àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní Mískítò, etí òkun ni wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ lọ́bísítà ni iṣẹ́ wọn, Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ. Ọkọ̀ ńlá á kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sórí òkun, wọ́n á fún wọn ní àgbá afẹ́fẹ́, wọ́n á máa rán wọn sísàlẹ̀ léraléra lójúmọ́, títí tí lọ́bísítà ìtòsí fi tán tó di pé ibi jíjìn ni wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kú. Ẹjọ́ àwọn 42 nínú wọn àti ẹbí wọn dé Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdájọ́ sì jáde ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Ìjọba Honduras gbà pé ẹ̀bi òun ni, nítorí pé kò bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ ronú sí i: àwọn yẹn ní àgbá afẹ́fẹ́ tòótọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ táyà.

Bí ojúkòkòrò ọjà yìí ṣe pẹ́ tó, ẹ gbọ́ ti Brazil. Àwọn apẹja Faransé ti ń pa lọ́bísítà ní etí òkun Mauritania, ní ìhà Áfíríkà tiwa níbí. Nígbà tó di 1961, wọ́n kọjá sí etí òkun Brazil ní ìhà àríwá ìlà oòrùn. Brazil ní kí wọ́n kúrò. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1963 orílẹ̀-èdè méjèèjì kó ọkọ̀ ogun jáde nítorí edé! Faransé ní ẹja tó ń fò nínú omi ni lọ́bísítà, ti gbogbo ayé ni. Brazil ní ó ń rìn nísàlẹ̀ ilẹ̀ òkun, ti onílẹ̀ ni. Ọ̀gágun ojú omi Brazil kan tó ń jẹ́ Paulo Moreira da Silva fèsì pé bí a bá pe lọ́bísítà ní ẹja nítorí pé ó ń fò, a jẹ́ pé ká pe kangarúù ilẹ̀ Australia ní ẹyẹ nìyẹn. Wọn kò yìnbọn síra wọn. Faransé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà wá di ti Brazil fúnra rẹ̀ tán, àwọn ọmọ etí òkun wọn náà gbé kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ sínú ọkọ̀, òfin sì ní láti kà á léèwọ̀ fún wọn.

Ọmọ ìyá ológì yẹn ńkọ́? Ó ṣe é títí ó fi di ọjọ́ kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi mọ́. Ó wọmi lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ náà. Nígbà tó gúnlẹ̀, ó ní èjìká ń ro òun, wọ́n fi òróró pa á. Tó fi di alẹ́, kò lè gbé ẹsẹ̀ òsì. Àwọn kan ní Olókun ló nà án, wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣètùtù. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n a sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí a sì sọ fún dókítà pé ó wọmi pẹ̀lú kọ̀m̀pírẹ́sọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi bò. Dókítà tí kò mọ̀ pé inú omi ló ti wá lè máa tọ́jú ibà. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń ra ti ẹlòmíì.

Ìgbà yẹn ni a pe gbogbo àwa tó ń ra ọjà létí omi jọ. Márùn-ún ni wá. Mẹ́ta gbà pé a ò ní ra èyí tí wọ́n wọmi kó, méjì kò gbà. A ò lè fipá mú wọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ náà béèrè pé báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tí wọ́n fi àwọ̀n mú yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n wọmi kó. Ìbéèrè gidi ni. Ọkọ̀ tó gbé kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, gbogbo etí òkun ló mọ̀ ọ́n, ìyẹn kò le. Fún ìyókù, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n fi irin gún, ihò á wà lára rẹ̀, omi ara rẹ̀ á máa jò, kò ní pẹ́ kú. Ní Florida l'Ámẹ́ríkà, wọ́n gba òmùwẹ̀ láyè láti kó lọ́bísítà ní àsìkò rẹ̀, síbẹ̀ òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gún un, ọwọ́ àti nẹ́ẹ̀tì kékeré ni kó fi mú un, kó sì wọ̀n ọ́n nínú omi níbẹ̀ kó tó gòkè. Ní Maine, níbi tí èyí tó lọ́wọ́ ńlá pọ̀ sí, wọn ò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni wọmi kó o. Ìgèrè nìkan ni wọ́n fi ń mú un.

Maine yìí ni a ti kọ́ ọ̀rọ̀ abo tó gbẹ́yin. Ìdí ìrù ni lọ́bísítà ń kó ẹyin rẹ̀ sí, ó máa ń pọ̀ bí àgbàdo lára ṣùkù, àwọ̀ ọsàn ni lákọ̀ọ́kọ́, á sì máa dúdú bọ̀ bí ó bá kù díẹ̀ kó pa. Ní Maine, apẹja tó bá mú abo tó gbẹ́yin á gé àmì kékeré sí i níbi abẹ̀bẹ̀ ìrù, á sì jù ú padà. Ẹlòmíì tó bá tún mú un lọ́jọ́ iwájú, bí kò tilẹ̀ ní ẹyin lára mọ́, bó bá ti rí àmì yẹn, kò gbọ́dọ̀ tà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ta kékeré tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ kò bá tó ínǹṣì 3 àti ìdámẹ́rin, wọn kì í sì í ta àgbà tó bá ju ínǹṣì 5 lọ, torí pé àgbà ló ń bí jù. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ta ni nínú yín tó ń se isu èbù jẹ? Àwọn kan lọ́dọ̀ wa máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ẹyin yẹn dànù kí oníbàárà má bàa rí i. Ẹ yí i padà, ẹ wo àwọn irun kéékèèké abẹ́ ìrù rẹ̀. Bí wọ́n bá já wúruwùru, wọ́n ti gbo ó nìyẹn. Tiwa, èyí tó gbẹ́yin, ọlọ́kọ̀ kì í tilẹ̀ gbé e gúnlẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé a ò ní wọ̀n ọ́n.

Ó kù bí a ṣe ń gbé e dé Island láàyè. Ibí yìí ni èrè wa wà, torí pé èyí tó kú kì í pẹ́ bàjẹ́: ẹran rẹ̀ á rọ̀, á dà bí ẹ̀kọ tí kò dì, kò sì sí kúùkù òtẹ́ẹ̀lì tó máa gbà á.

Ẹ gbé e láti ẹ̀yìn. Bó bá ká ìrù mọ́ abẹ́, tó ń gbọn ara rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó dára. Bí ìrù bá kàn rọ̀ sílẹ̀, ó ti fẹ́ lọ. Ẹ má ṣe bu omi kànga tàbí omi bọ́ọ̀hóòlù sí i láé. Omi tí kò níyọ̀ ń pa á, àwọn tó ń fi omi tútù “tù ú lára” ń pa ọjà ara wọn ni. Ẹ rẹ àpò ìdọ̀họ sínú omi òkun, ẹ fi bò ó lókè àti nísàlẹ̀. Yìnyín ńkọ́? Ẹ fi yìnyín sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ dì í dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ kúlà, kí ẹ fi àpò bò ó kí lọ́bísítà má bàa fara kàn án. Ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀ kúlà sílẹ̀ kí omi yìnyín tó bá jò lè jáde, torí omi tí kò níyọ̀ ni òun náà. Ẹ má dé kúlà pa pátápátá. Níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ bá ti tutù tó sì rin, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn òkun, gógóńgò Lẹ́kkí kò ní pa á. Bí ọ̀kan bá kú lójú ọ̀nà, ẹ yára yọ ìrù rẹ̀, ẹ fi sínú yìnyín, kí ẹ sì tà á ní ìrù lásán ní owó ìrù. Ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni bí èyí tó wà láàyè.

Èyí tí èèpo rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èyí àtijọ́ sílẹ̀ ni, torí bó ṣe ń dàgbà nìyẹn. Omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹran rẹ̀ kò tíì kún. Owó tí ẹ bá fi rà á ti sọnù.

A pàdánù oníbàárà kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ká má purọ́. Òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń gba ogún lọ́sẹ̀ ní tí a ò bá lè ṣèlérí iye tí òun fẹ́, òun á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ó sì lọ. Ẹnu sì yà wá nígbà tí ilé oúnjẹ méjì mìíràn gbà pé ohun tí òkun bá mú wá lọ́jọ́ náà làwọn á kọ sórí pátákó oúnjẹ wọn. Wọ́n ní lọ́bísítà wa ń dé láàyè, ti àwọn ẹlòmíì ń dé pẹ̀lú ihò. Owó tó ń wọlé kò tíì tó ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ ìyá ológì ló ń bá wa wọn ọjà láàárọ̀ báyìí, ó mọ òṣùwọ̀n dáadáa, ó sì mọ lọ́bísítà jù wá lọ.

Ohun tí à ń wá báyìí ni àgbá omi iyọ̀ tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, irú èyí tí àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n tó lè lo sólà, kí a lè tọ́jú èyí tí a rí lọ́jọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin tó ń sin àrọ̀, irú ẹ̀rọ wo lẹ ń lò tí iyọ̀ kò ní jẹ? Ẹ bá wa dá sí i o.